Ṣúgà Tó Wà Nínú Ẹmu

Màmá, ẹ bi mí lálẹ́ àná bóyá lóòótọ́ ni igi ń sun ṣúgà. Fídíò tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti Kánádà wà lọ́wọ́ yín: òyìnbó kan lu ihò sára igi, ó gbé garawa kọ́ ọ, ó gbé oje náà kaná, ó ki bí oyin, ó sì di ṣúgà. Ẹ ní ṣé a ò lè ṣe é ní Ọ̀tà níbí, ká yé ra ti inú ọ̀rá. Oorun ti ń kùn mí nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn báyìí.

Maple ni wọ́n ń pe igi yẹn. Òtútù ló ń jẹ́ kí oje rẹ̀ ṣàn: kí omi dì lóru, kí oòrùn yọ́ ọ lọ́sàn-án, kí ewé tuntun tó yọ. Ẹ ò lè rí ìyẹn ní Ọ̀tà níbí. Ní Quebec, ní Kánádà, ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù láyé, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ sì ti ń ṣe irú rẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ohun tí fídíò náà ò sọ ni pé omi ló pọ̀ jù nínú oje yẹn. Ṣúgà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ. Wọ́n ń se nǹkan bí 40 lítà kí wọ́n tó rí lítà 1 tó ki.

Ẹmu wa ńkọ́? Ẹmu ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán, ṣúgà inú rẹ̀ tó 10 sí 12 nínú 100. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan, ṣúgà bíi kílò 1 ló wà níkùn rẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn Àwórì, tí wọ́n ti ń gun ọ̀pẹ tipẹ́tipẹ́, kì í fi í se ṣúgà?

Ooru ni. Oje maple ń kán nínú òtútù, bí ẹni pé ó wà nínú fìríìjì. Tiwa ń kán nínú ooru, ìwúkàrà tí ojú ò rí á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀. Ìhó funfun tí ẹ ń rí lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, ṣúgà tó ń di ọtí nìyẹn. Bó bá di ọ̀sán, ó ti ń ta ni lẹ́nu. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Adẹ́mu gan-an kì í fọ akèrègbè rẹ̀ tán pátá. Ó ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná sílẹ̀ kí tòní lè tètè hó. N kò bá a wí o. Ọtí ló ń tà.

Ní Tamil Nadu, ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń se ṣúgà láti inú irú ọ̀pẹ mìíràn, wọ́n ń fi ẹfun tí wọ́n jó láti ara òkúta ra inú ìkòkò kí wọ́n tó gbé e kọ́ igi. Ẹfun náà kì í jẹ́ kí ìwúkàrà ráyè.

Mo ti se ṣúgà ẹmu rí, mo sì ti bà á jẹ́ rí. Ẹmu ọ̀sán tí mo rà lójú títì ni mo kọ́kọ́ gbé kaná. Gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi dúdú kíkan kan ló ṣẹ́ kù, ó kọ̀, kò dì. Ìyàwó mi ní ṣé àgbo ibà ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ bá adẹ́mu kan ní ìhà Àtàn, nítorí ilé-iṣẹ́ ti gba ààyè ọ̀pẹ ní Sàngó Ọ̀tà. Mo fún un ní kẹ́ẹ̀gì tuntun tí mo ti fi omi gbígbóná ṣan. Mo dé ìdí ọ̀pẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbé ẹmu náà sínú kúlà oníyìnyín, nítorí mo mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ó ti ń hó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì dùn.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe é, ìta ni kí ẹ ti sè é, nínú ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu, lórí iná tó le. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ máa bu ìdọ̀tí ojú rẹ̀ dànù. Bí ìhó bá fẹ́ kún bò yín, ẹ kán òróró àgbọn díẹ̀ sí i, á wálẹ̀. Bó bá ti ń ki, ẹ dín iná kù, ẹ má sì fi orógùn sílẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù: bó bá ṣù láàárín ìka bí òkèlè kékeré, ó ti jinná. Ẹni tó bá ti ṣe káńdì àgbọn rí á dá a mọ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ rò ó títí tí dídán rẹ̀ á fi pòórá, ẹ dà á sínú èèpo àgbọn tí ẹ ti fi òróró pa. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ṣúgà gbígbóná kì í kúrò lára.

Lítà 5 ni mo sè. Ohun tí mo rí kò pé ìdajì kílò, ó pọ́n bíi gúgúrú tó jóná díẹ̀, ó sì ń ta sánsán èéfín. Kí n má tàn yín: owó ẹmu àti iná ju owó ṣúgà ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi sínú ògì àárọ̀ kan ná.

Bí ẹ ò bá rí adẹ́mu tó ṣe é bá ṣàdéhùn, ìrèké wà. Àwọn Hausa ti ń fún un, tí wọ́n ń sè é di mazarkwaila, láti ìgbà pípẹ́. Ẹ bó o, ẹ gún un lódó, ẹ fi aṣọ fún un, ẹ sè é lọ́jọ́ náà gan-an. Apá á ro yín.

Bí ẹmu bá sì kan mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó délé, ẹ má dà á nù. Ẹ fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ìwúkàrà tó jẹ ṣúgà yín náà ni yóò wú u.