Ìgbà Tí Ọwọ́ Bá Dilẹ̀ Nínú Ọyẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ létí ẹlòmíràn. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ rọra ṣe ní àkókò ọyẹ́ yìí, kí ọgbọ́n àtinúdá yín lè rí àyè hù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Níbo ni ọyẹ́ ti ń wá? Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà mìíràn títí wọ oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń kó bọ̀ ni ó ti ibi kan wá ní orílẹ̀-èdè Chad tí a ń pè ní Bodélé, ilẹ̀ adágún ńlá kan tí omi rẹ̀ ti gbẹ láti ayébáyé. Rẹ́mọ kò jìnnà sí òkun, nítorí náà ọyẹ́ wa kì í mú tó ti Kano. A máa dé, a máa lọ, a sì tún máa padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ètè rẹ̀ là ní òwúrọ̀, tí ó ń wá òrí kiri, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ọyẹ́ dé.

Ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, òtútù àti òkùnkùn ni ó ń sé ènìyàn mọ́lé. Ní London, ní ọjọ́ tí ó kúrú jù lọ nínú oṣù kejìlá, ojúmọmọ kì í pé wákàtí 8. Ti Ṣàgámù kò rí bẹ́ẹ̀. Ojúmọmọ wa tí ó kúrú jù lọ kò fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 dín sí èyí tí ó gùn jù lọ. Kì í ṣe òkùnkùn ni ó ń dá wa dúró, ilẹ̀ ni. Òjò ti dá, ilẹ̀ ti le, iṣu ti wọ àká. Ẹni tí ó ti ń ro oko láti ìgbà òjò á wá jókòó sílé, á máa hun ẹní, á máa hun agbọ̀n, á máa tún òrùlé ṣe. Ẹni tí ó ní òfì á tẹ̀ sí ìdí òfì.

Mo gbọ́ ẹnìkan tí ó ń sọ pé: “Ní Rẹ́mọ kẹ̀? Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ obì dé!” Òótọ́ ni. Láti oṣù kẹwàá ni obì gbàǹja ti ń gbó yanturu, Ṣàgámù sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọjà obì tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ wa. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí. A ó la èèpo òde, a ó jẹ́ kí awọ funfun tí ó bo obì náà rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á, a ó sì tò ó sínú agbọ̀n tí a ti tẹ́ ewé sí. Ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò ọkàn mọ́. Ẹni tí ó jókòó ti obì láti àárọ̀ di ọ̀sán ń bó obì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn: ó ń ronú, ó ń dá orin, ó ń ro ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lésìí. Iṣẹ́ tí ó rọra rìn bẹ́ẹ̀ kò bá ìsinmi jà rárá.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wádìí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2001, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Marcus Raichle, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọpọlọ kì í sùn nígbà tí a kò bá gbé iṣẹ́ kan pàtó lé e lọ́wọ́. Àwọn apá kan wà nínú rẹ̀ tí ó túbọ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. A ti wá mọ̀ pé àwọn apá wọ̀nyí ni a fi ń rántí ohun tí ó ti kọjá, tí a sì fi ń fi ojú inú wo ohun tí kò tíì sí. Ọmọ tí ó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan lè máa ṣe iṣẹ́ tí ẹ kò rí.

Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ìlú baba rẹ̀ ni Ìsarà. Nínú ìwé rẹ̀, Aké, tí ó jáde ní 1981, ó sọ bí wọ́n ti máa ń lọ sí Ìsarà ní ọdún tuntun nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní 1989 ó fi Ìsarà náà ṣe orúkọ ìwé mìíràn, lórí ayé baba rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, rí àyè tirẹ̀ ní ibi tí kò sí ẹni tí í gbàdúrà láti dé: ẹ̀wọ̀n Calabar ni ó ti kọ ìwé rẹ̀ lórí òfin ìjọba Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1966. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ìsinmi o! Ṣùgbọ́n ẹ kò rí i pé ó burú bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n nìkan ni ènìyàn ti lè rí àyè ronú?

Kí ni àwa wá ń fi ọyẹ́ ṣe lónìí? Àwọn ọmọ ń ti ilé-ìwé bọ́ sí lẹ́sìnnì, láti lẹ́sìnnì bọ́ sí ìdí fóònù. Àwa àgbà ń ti òde kan bọ́ sí òde kejì. Èmi kò bá òde jà, mo fẹ́ràn ìrẹsì bí ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìyá àgbà tí ó mọ àlọ́ jókòó sílé, kò sí ẹni tí ó ní kí ó pa á. Bí ó bá lọ, ó kó o lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fi alẹ́ méjì péré sílẹ̀ lọ́sẹ̀ nínú ìsinmi yìí. Ẹ pa fóònù, tiyín náà pẹ̀lú. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ àlọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì bí ẹ ti rántí rẹ̀, ibi tí ẹ bá sì ti gbàgbé, ẹ fi tiyín dí i. Bí ó bá jẹ́ igi ni ẹ fẹ́ gbẹ́, ẹ má ṣe fi igi tútù sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ di ọjọ́ kejì. Òde rẹ̀ yóò yára gbẹ ju inú lọ, yóò sì sán. Ẹ fi ewé tútù tàbí àkísà tí ẹ rẹ sómi wé e dáadáa, kí ẹ sì gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá títí ẹ ó fi padà sí ìdí rẹ̀.