Ihò Ara Èédú àti Agbára Rẹ̀ Láti Di Gáàsì Mú

1. Ìfáàrà

Láàárín ọdún 1773 sí 1777 ni Carl Scheele àti Felice Fontana kíyè sí i pé èédú a máa gba gáàsì sára. Èyí kì í ṣe yíyọ́, bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú omi. Lílẹ̀ mọ́ ojú ni, bí eruku ti ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fi fífẹ̀ ojú nìkan díwọ̀n bí èédú kan ti dára tó. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé òṣùwọ̀n náà kò tó: bí ihò ti fẹ̀ sí ní ìfiwéra pẹ̀lú mólékù gáàsì ni ó ṣe pàtàkì jù.

2. Oríṣìí Ihò

Bí igi, èèpo líle àgbọn tàbí ti èkùrọ́ bá jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó, kábọ̀nù ni ó ń ṣẹ́ kù. Bí oru omi gbígbóná bá wá fẹ́ sí i, yóò jẹ díẹ̀ nínú kábọ̀nù náà, ihò yóò sì ṣí. Àjọ IUPAC pín àwọn ihò náà sí mẹ́ta: kékeré, tí kò tó nánómítà 2, àárín, láti 2 dé 50, àti ńlá, tí ó ju 50 lọ. Ihò ńlá dà bí títì, ti àárín dà bí ọ̀nà tí ó wọ agboolé, kékeré sì dà bí yàrá. Inú yàrá ni gáàsì ń sùn, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà, yóò pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Nínú ìbòjú tí ń sé gáàsì olóró, irú èyí tí wọ́n fi èédú ṣe lẹ́yìn ìkọlù Ypres ní oṣù Kẹrin ọdún 1915, ìdádúró bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

3. Ìdí Tí Ihò Tóóró Fi Ń Di Gáàsì Mú

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Mólékù tí ó bà lé ojú gbalasa, ògiri kan ṣoṣo ni ó ń fà á. Bí ó bá bọ́ sínú ihò tóóró, ògiri méjèèjì yóò jùmọ̀ fà á. M. M. Dubinin ti Rọ́ṣíà ṣàlàyé pé nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, gáàsì kì í tẹ́ ní ìpele-ìpele. Ńṣe ni ó ń kún inú ihò. Nítorí èyí, ní ìfúnpá afẹ́fẹ́ lásán, ihò tí kò tó nánómítà 0.8 ni ó ń di kábọ̀n-dáyọ́ọ̀sáìdì mú jù. Mẹ́tẹ́ènì tí wọ́n fi ìfúnpá gíga pamọ́ ń fẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nǹkan bí 1.1.

4. Ìwọ̀n Tí Ó Lè Ṣini Lọ́nà

Ọ̀nà tí Brunauer, Emmett àti Teller gbé kalẹ̀ ní ọdún 1938 ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ojú. Ó ń ṣírò mólékù náítírójìn tí ó bo ojú ní ìpele kìn-ín-ní, nínú òtútù tí ó jẹ́ 196 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n nínú ihò kékeré, ó ń ka ohun tí ó kún ihò mọ́ ohun tí ó bo ojú. Kábọ̀nù tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó nípọn átọ̀mù kan ṣoṣo, kò ní ju nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 2,630 lọ fún gíráàmù kan, lójú rẹ̀ méjèèjì. Síbẹ̀ ìwọ̀n àwọn èédú kan kọjá 3,000. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, nínú òtútù bẹ́ẹ̀, náítírójìn a máa lọ́ra láti wọ ihò tí ó há jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo kábọ̀n-dáyọ́ọ̀sáìdì, ní ìwọ̀n òdo Celsius, láti wá irú ihò bẹ́ẹ̀ rí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Èédú méjì lè ní fífẹ̀ ojú kan náà, kí ọ̀kan di gáàsì mú ju èkejì lọ. Ẹni tí yóò yan èédú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ gáàsì tí ó fẹ́ dì mú, ìfúnpá tí yóò lò, àti àkókò tí gáàsì ní láti wọlé. Ìròyìn ìwádìí tí ó sọ fífẹ̀ ojú nìkan, tí kò sọ bí ihò ti fẹ̀ sí, kò tíì sọ ohun tí èédú náà lè ṣe.