Dókítà ń wá sílé arúgbó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: èrè wo ló wà ńbẹ̀ fún onílé?

Ká ní aago méjì òru ni ìyá àgbà kan yọ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé ìtọ́jú arúgbó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà fún ọgbọ̀n èèyàn. Kò sí nọ́ọ̀sì láàrin wọn, dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn ìyá kò sì sí nítòsí, àfi kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Ọ̀kan nínú wọn yóò tẹ̀lé ìyá lọ sí ọsibítù, àwọn méjì tó kù ni yóò sì máa ṣọ́ èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ṣe iṣẹ́ ‘care’ rí ní London tàbí Manchester mọ ohun tí à ń wí.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé náà, owó ni gbogbo rẹ̀. Òun ni yóò wá òṣìṣẹ́ àfirọ́pò lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń yáni lóṣìṣẹ́, owó tí wọ́n sì ń gbà lórí ẹ kì í ṣe kékeré. Bí ìyá bá pẹ́ lọ́sibítù tí ara rẹ̀ burú débi pé kò lè padà wá mọ́, bẹ́ẹ̀dì kan ti ṣófo nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà kò sì ní sọ̀rọ̀ ilé náà dáadáa níta.

Nígbà kan, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé kò sí dókítà kan pàtó tí wọ́n fi ti ilé kan. Èèyàn mẹ́wàá lè wà nínú ilé kan náà kí dókítà wọn jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kálukú pẹ̀lú ìgbà tó bá ráyè wá. Àwọn onílé mìíràn tilẹ̀ ń sanwó fún dókítà láti àpò ara wọn kó tó lè máa yọjú, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ìtọ́jú náà jẹ́ lábẹ́ NHS.

Ní Rushcliffe, lágbègbè Nottingham, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́nà mìíràn ní 2014. Wọ́n so ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ́fíìsì dókítà kan, dókítà tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ń wá déédéé, àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò náà ń tì wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí àjọ Health Foundation àti NHS gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n rí i pé ìgbà tí àwọn arúgbó yìí ń dé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn irú wọn níbòmíràn. Gbígbà wọ́n sí ọsibítù ní pàjáwìrì náà fi ìdá 23 kéré.

Kó tó di pé ètò yìí dé gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àrùn Kòrónà ti dé. Láàrin March 17 sí April 15, 2020, nǹkan bí 25,000 èèyàn ni wọ́n dá sílẹ̀ láti ọsibítù lọ sílé ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn kò sì yẹ̀ wò bóyá àrùn náà wà lára wọn. Ilé ẹjọ́ gíga sọ ní April 2022 pé ìlànà tí ìjọba gbé jáde nígbà náà kò bófin mu. Ìbànújẹ́ ọ̀hún ló jẹ́ kí NHS tètè sáré sí ọ̀rọ̀ dókítà ilé arúgbó. Láti October 1, 2020, gbogbo ilé ìtọ́jú ló ní ẹgbẹ́ àwọn dókítà àdúgbò kan tó gbọ́dọ̀ bójú tó o: àbẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ètò ìtọ́jú tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje.

Àwọn dókítà kò ṣe é lófìfo. Ní April 2021, pọ́ùn 120 ni wọ́n ṣètò fún wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kan lọ́dún. Ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì 30, pọ́ùn 3,600 nìyẹn nígbà náà. Kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ kò kan onílé, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ bí áńbúláǹsì kò bá wá lóru. Ilé tó ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀ tún ń gba owó mìíràn lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pọ́ùn 254.06 lọ́sẹ̀ lórí ẹni tó bá yẹ ni wọ́n ń san ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026. Ilé tí kò ní nọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì NHS ló ń wá gún wọn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń wẹ egbò.

Ṣùgbọ́n kí onílé má rò pé dókítà yóò yẹ gbogbo èèyàn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ara wọn kò yá ni wọ́n ń wò, òṣìṣẹ́ ilé ló sì gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ pé bàbá kò mumi láti àná, kí ni yóò sọ fún dókítà? Ibẹ̀ ni ilé tó ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ lóṣooṣù ti ń pàdánù, pàápàá báyìí tí ìjọba ti dá físà gbígba òṣìṣẹ́ ‘care’ tuntun láti òkè òkun dúró ní July 22, 2025.

Ohun kan tí kò náni lówó púpọ̀ ni báàgì pupa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sutton, ní gúúsù London, ní 2015. Bí arúgbó bá ń lọ sọ́sibítù, inú báàgì yìí ni ìwé ìlera rẹ̀, oògùn, aṣọ ìpààrọ̀, awò ojú àti eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ń wà. Kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹlifóònù kiri láti béèrè oògùn tó ń lò.

Àwọn tó ń dá irú ilé yìí sílẹ̀ n'Íbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó lè ṣe báàgì yìí lọ́la. Wọ́n lè bá ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò wọn ṣàdéhùn pé nọ́ọ̀sì kan náà ni yóò máa wá ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, láti wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó máa sanwó nìkan ló ṣòro. Òfin ìṣègùn adójútòfò 2022 sọ pé dandan ni fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ ọ̀pọ̀ arúgbó ni kò tíì sí lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ló sì ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Nítorí náà, iye tí onílé máa pè fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní owó nọ́ọ̀sì náà nínú. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ nígbà náà, tó wá fẹ́ fi kún un lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àríyànjiyàn orí fóònù ló ń wá yẹn.