Kí Ni Ọmọ Rẹ Ń Ṣe Nídìí Kọ̀ǹpútà Lóru?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí ìsìn parí níhìn-ín ní Ìpáò-Èkìtì, ìyá kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Alájọ ni ìyá náà. Àwọn tí ń ta iṣu, èlùbọ́ àti ata nínú ọjà ni wọ́n ń dá owó ojoojúmọ́ sí i lọ́wọ́. Èrè iṣẹ́ yìí ni ó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ọmọ náà ti wá sílé fún ìsinmi.

Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà. Ọmọ mi kì í sùn mọ́. Bí mo bá jí ní aago méjì òru, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ń bá a. Àwọn aládùúgbò ti ń sọ ọ́ kiri pé ó ti di ọmọ Yahoo.”

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. A ránṣẹ́ pe ọmọ náà, a kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìbáwí ni a fi bẹ̀rẹ̀, ìbáwí ni a fi parí rẹ̀: a sọ̀rọ̀ lórí ọ̀lẹ, lórí owó òjijì, lórí orúkọ rere tí ó sàn ju wúrà lọ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fún ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta gbáko, a kò fojú kàn án ní ilé ìjọsìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́, a sì lọ sí ilé wọn. A ní kí ó fi ohun tí ó ń ṣe hàn wá. Ó ṣí kọ̀ǹpútà náà, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni àjọ ìyá rẹ̀: orúkọ oníkálukú, ọjọ́ tí ó dá owó, iye tí ó dá, àti iye tí yóò kó ní òpin oṣù. Ọmọ náà ni ó kọ gbogbo ètò yìí fúnra rẹ̀, kí ojú ìyá rẹ̀ tí ó ti ń ṣú lè sinmi.

A bi í pé, “Kí ni kò wá jẹ́ kí o sùn?”

Ó ní, “Sà, iye tí ètò yìí ń gbé jáde kò bá ti káàdì màmá mi mu. Ní oṣù kan yóò bára mu, ní oṣù mìíràn owó ọjọ́ kan yóò dín. N kò mọ ibi tí mo ti ṣì í.”

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rí i. Ó ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọjọ́ 30 ni gbogbo oṣù ní, bẹ́ẹ̀ ojú 31 ni ó wà lórí káàdì alájọ. Àṣìṣe kékeré ni lójú wa, ṣùgbọ́n owó ọlọ́jà ni ìbá gbé mì. Ìdí èyí ni ọmọ náà fi ń ṣàìsùn, tí àwa sì ń pè é ní olè. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti pinnu láti kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin òbí. Ní Èkìtì wa yìí, a mọ iyì ìwé. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ṣe dókítà tàbí lọ́yà, inú wa a dùn, nítorí a ti rí abẹ́rẹ́ dókítà, a sì ti rí ẹ̀wù lọ́yà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní developer, kò hàn sójú. Ohun tí a kò bá sì mọ̀, ìfura ni a fi ń wò ó.

IṢẸ́ WO NI IṢẸ́ YÌÍ GAN-AN?

Kọ̀ǹpútà a máa gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò gbọ́n. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a rán lọ sọ́jà tí kò ní padà wálé bí a kò bá sọ fún un pé kí ó padà. Ẹni tí ń kọ ètò ni yóò to gbogbo ìgbésẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, bíi Python, Java tàbí JavaScript. Bí àmì kan ṣoṣo bá sọnù, gbogbo iṣẹ́ lè dúró.

Nígbà tí ẹ bá fi fóònù yín fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Adó-Èkìtì, ẹnìkan ni ó ti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: wò ó bóyá owó náà wà níbẹ̀, yọ ọ́ níhìn-ín, fi kún tọ̀hún, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já lágbedeméjì, dá owó padà fún olówó. Ẹni tí kò bá ronú kan ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí yóò sọ ẹni ẹlẹ́ni di ajigbèsè.

KÍ NI WỌ́N Ń KỌ́ NÍLÉ Ẹ̀KỌ́?

Ọmọ tí yóò kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì gbọ́dọ̀ yege nínú iṣẹ́ márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì sì wà nínú wọn. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò àti ọgbọ́n ìronú ni ó pọ̀ jù. Wọn yóò kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń fi òdo àti ení nìkan ka nǹkan, tí ó fi jẹ́ pé 101 ni ó ń kọ fún 5. Wọn yóò kọ́ bí a ti ń to nǹkan pamọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀: ẹni tí ó to iṣu rẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀, kì í pẹ́ rí èyí tí ó ń wá, ẹni tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè yóò tú u kalẹ̀ tán kí ó tó rí ẹyọ kan.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń dáàbò bo àṣírí ènìyàn. Wọn yóò lọ fún oṣù mẹ́fà síbi iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Ní ọdún ìkẹyìn, ọmọ náà yóò ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò kọ ìwé lé e lórí, yóò sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti dáhùn fún un. Kò jìnnà sí wa: Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 2011 ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a wo Shola Akinlade. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ ní Yunifásítì Babcock, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Adventist tí ó wà lára àwọn yunifásítì aládàáni àkọ́kọ́ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 1999. Kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ti kọ ètò kan tí a ń pè ní Precurio, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ kan náà lè fi pín ìwé láàárín ara wọn. Ètò náà kò sọ ọ́ di olókìkí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ níṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó rí ìṣòro kan. Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kí oníbàárà fi káàdì báǹkì sanwó fún òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ jìyà ìwé kíkọ àti ìdúró pípẹ́. Ní 2015, òun àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ kàwé ní Babcock, dá Paystack sílẹ̀ láti mú ìyà náà kúrò. Ní 2016 wọ́n lọ gba ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ ní Y Combinator ní California. Ní 2018, Stripe, Visa àti Tencent wà lára àwọn tí ó fi mílíọ̀nù 8 dọ́là sínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹwàá 2020, Stripe kéde pé òun ń ra Paystack. Àwọn oníròyìn ní iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Nǹkan bí 60,000 oníṣòwò ni wọ́n ń lò ó nígbà náà.

Ẹ má ṣe wo owó náà nìkan. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn àti 2020. Ẹ sì wo ohun tí ó mú owó wá: ẹrù ni wọ́n gbé kúrò lórí ènìyàn.

Bákan náà ni ó rí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 2009. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ọ̀pọ̀ òbí sì ń kérora. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ayodeji Adewunmi, Olalekan Olude àti Opeyemi Awoyemi, lo àkókò náà láti kọ́ Jobberman, ibi tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ àti ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ ti lè pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò fi àìsíṣẹ́ ṣe àwáwí.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ WỌ́N YÀTỌ̀

A kò sọ pé kò sí ọmọ Yahoo ní àdúgbò wa. Wọ́n wà. Ohun tí ó tilẹ̀ dùn wá jù ni pé àwọn òbí kan mọ̀, wọ́n sì ń jẹ nínú owó náà. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti 2015. Kì í sì í ṣe ọmọ nìkan ni ìtìjú rẹ̀ ń bá. Ṣùgbọ́n olè àti oníṣẹ́ ọwọ́ a máa fi òru ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ kan náà. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n? Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta yìí.

Èkíní: Kí ni o kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ yóò rí nǹkan wí, bí kò tilẹ̀ yé yín tán.

Èkejì: Fi ohun tí o ń ṣe hàn mí. Ọmọ Yahoo a máa pa ojú kọ̀ǹpútà dé bí ẹ bá wọlé. Iṣẹ́ òtítọ́ a máa ní ẹ̀rí. Ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní GitHub, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, níbi tí àwọn tí ń kọ ètò ti ń tọ́jú iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Agbanisíṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè wò ó níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò jàǹfààní iṣẹ́ yìí? Bí owó bá wọlé tí ọmọ kò lè dárúkọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún àti ohun tí ó ṣe fún un, ẹnìkan ń sunkún níbì kan. Ẹ má ṣe jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń kọ ètò ni yóò di Akinlade. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà: ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, máàkì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àjọ ìyá yín. Láti òpin 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ náà ti ń bá ènìyàn kọ ètò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò ní mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣì í. Ẹ sì máa sùn pẹ̀lú. Ojú tí ó rẹ̀ kì í rí àṣìṣe.

Títí di ìsinsìnyí, ìyá alájọ yẹn kò tíì fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń fi bírò sàmì sí i lójoojúmọ́, ọmọ rẹ̀ ń kọ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ní òpin oṣù, àwọn méjèèjì a jókòó, wọn a sì fi ọ̀kan wé èkejì kí àwọn ọlọ́jà tó gba owó wọn. Ọmọ náà ti padà sí ilé ìjọsìn. Àwa náà sì ti kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá jí lóru tí ẹ bá ọmọ yín nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe tètè pariwo, ẹ má sì ṣe padà lọ sùn. Ẹ fa àga, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní ìbéèrè. Kí Olúwa fún wa ní etí láti gbọ́ ìdáhùn àwọn ọmọ wa.