Wúrà Tí Kò Ní Ojú Ọba

Oòrùn Accra ti ń mú nígbà tí èmi àti Màmá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Makola, wọ Mùsíọ́ọ̀mù Orílẹ̀-èdè Ghana ní Barnes Road. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí òmìnira Ghana ku ọ̀la. Òrùlé rẹ̀ dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Owó wúrà ni mo bá wá. Mo ti kà nípa ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ní Thorn, ní Netherlands, níbi tí Margaretha van Brederode, olórí wọn láàrin 1557 sí 1577, ti ń ní kí wọ́n lu owó lórúkọ òun. Òòlù ni wọ́n fi ń gbá àmì rẹ̀ sára irin. Àmì yẹn ni ọlọ́jà ń wò kó tó gba owó.

Lábẹ́ gíláàsì níbí, idẹ wẹ́wẹ́ ni mo rí: ẹyẹ tó bojú wẹ̀yìn, ọ̀nì méjì tó ń pín ikùn kan lò, onígun mẹ́rin tí wọ́n fín lára. Abrammuo ni àwọn Akan ń pè wọ́n. Wọ́n á fi ìda mọ ọ́n, wọ́n á fi amọ̀ bò ó. Iná á yọ́ ìda dànù, idẹ gbígbóná á sì gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n idẹ yìí kì í ṣe owó. Wúrà lẹ́búlẹ́bú lowó. Idẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ń gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá sídìí ọjà.

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ọjà ni wọ́n mọ̀ yẹn! Ta ló máa fi òṣùwọ̀n ẹlòmíì nìkan wọn wúrà tiẹ̀?”

Wúrà tó sọdá òkun ni wọ́n ń lu ojú ọba mọ́. Láti 1663 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lu owó tí wọ́n wá ń pè ní gínì, nítorí etíkun Guinea ni wúrà rẹ̀ ti wá. Wọ́n tiẹ̀ ya erin ilé-iṣẹ́ Royal African Company sábẹ́ orí ọba lára òmíràn. Nígbà tó di 1889, ìjọba wọn ní wúrà lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe owó mọ́ ní Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà.

Lọ́dún 1965 ni Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í ná sídì. Owó ẹyọ ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn. Pésẹ̀wà sì wá láti inú orúkọ ìwọ̀n wúrà kékeré.

Níta, Màmá ra omi, ó sì na owó onírin sídì kan sí ọmọ tó ń tà á. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó ná. Òṣùwọ̀n ni wọ́n yà sí i lára.