Bí A Ti Ń Fi Èémí Lé Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Jáde Láyà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Simawa àti ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó rò pé bí ọmọ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí láyà bá ti ń wúkọ́ kíkankíkan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà yóò jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fi agbára wúkọ́ láìsinmi, àwọn ihò tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró a máa fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì há síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó bá wà lẹ́yìn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ó ń tì í jáde. Róòbù tí a fi ń pa àyà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Àrùn àjogúnbá kan wà tí à ń pè ní cystic fibrosis, tí Dókítà Dorothy Andersen ti Amẹ́ríkà ṣàlàyé ní 1938. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó ní in a máa ki, òógùn rẹ̀ a sì níyọ̀ púpọ̀. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú. Èyí tí a sábà ń rí ni àyà tí òtútù àyà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bàjẹ́. Ọ̀nà kan náà ni a lè fi ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Kí aláìsàn jókòó, kí ó dẹ èjìká, kí ó máa mí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó fa èémí jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó máa dá a dúró títí a ó fi ka 3. Kí ó tún mí jẹ́jẹ́. Nígbà náà ni kí ó la ẹnu, kí ó tú èémí jáde, “hàà”, bí ẹni tí ń fi ooru ẹnu rin awò ojú kí ó tó nù ún. (Ẹ gbé dígí síwájú ọmọdé, yóò fi ṣeré.) Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dé ọ̀fun, kí ó wúkọ́, kí ó tu ú sínú ike onídèérí. Kí ó sinmi, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ.

Nígbà kan rí, ní ilé ìwòsàn pàápàá, a máa ń dorí ọmọ kodò láti gbá a lẹ́yìn. Ẹ má ṣe é fún ọmọ ọwọ́. Oúnjẹ lè padà wọ ọ̀nà èémí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ó bá ní in, tí ó sì ń tú èémí báyìí nínú yàrá, yóò kó o ran gbogbo ilé. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù, kò jìnnà sí Simawa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, tàbí tí ètè ọmọ bá ń ṣú, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.