Eyín ń kan yín? Ohun tí ásíìdì ń ṣe sí eyín, àti ìdí tí kò fi yẹ ká sáré fọ ẹnu

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ọsàn tí kò dùn àti fún ohun tó ń ṣe eyín ẹni tó jẹ ẹ́. A ó ní, "Ọsàn yìí kan." Tá a bá jẹ ẹ́ títí, a ó ní, "Eyín ti kan mí." Àwọn àgbà tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ ìwọn ásíìdì lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n ti kíyè sí i pé ohun tó bá kan lẹ́nu máa ń bá eyín jà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìjà náà fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an, torí pé mínírà, zobo inú ike àti energy drink ti di ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń mu láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, àwọn kan ń sọ pé ká máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín kó lè funfun.

Kí ni enamel?

Èèpo funfun tó bo eyín lókè ni enamel. Kò sí ohun tó le tó o nínú ara ènìyàn. Egungun gan-an kò tó o. Tá a bá pín ìwúwo rẹ̀ sí ọ̀nà 100, nǹkan bíi 96 nínú rẹ̀ ló jẹ́ calcium àti phosphate tó so pọ̀ mọ́ra gírígírí. Síbẹ̀, kò nípọn rárá. Lórí eyín ńlá tá a fi ń lọ oúnjẹ, níbi tó ti nípọn jù, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2.5 lọ.

Enamel sì ní àléébù kan. Egungun ní sẹ́ẹ̀lì alààyè nínú, ìdí nìyẹn tí egungun tó ṣẹ́ fi lè so padà. Enamel kò ní ìkankan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó mọ ọ́n ti parí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ti kú kí eyín tó yọ síta tán. Èyí tó bá ti jẹ lọ, ó lọ nìyẹn. Ara ò lè mọ òmíràn.

Báwo ni ásíìdì ṣe ń jẹ ẹ́?

pH ni ìwọ̀n tá a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po 10. Ẹ wo díẹ̀ lára ohun tá à ń mu:

- Omi lásán: nǹkan bíi 7
- Mílíìkì: nǹkan bíi 6.7
- Omi ọsàn: láàárín 3.5 sí 4
- Zobo: láàárín 2.5 sí 3
- Mínírà oríṣi kóólà: nǹkan bíi 2.5
- Omi ọsàn wẹ́wẹ́: láàárín 2 sí 2.5

Nọ́ńbà tó yẹ ká fi sọ́kàn ni 5.5. Tí ẹnu bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, calcium àti phosphate á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lára enamel. Láti 5.5 dé 2.5, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, ìyẹn ni pé ásíìdì ti di ìlọ́po 1,000.

Ẹ lè fi ẹyin dán an wò nílé. Ẹ fi ẹyin tútù sínú ife, ẹ da fínígà lé e títí á fi bò ó, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ máa rí i tó ń hó yẹẹ, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì, èèpo rẹ̀ á ti rọ̀ tàbí kó ti yọ́ tán. Òótọ́ ni pé èèpo ẹyin kì í ṣe enamel, eyín kì í sì í tètè yọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ calcium ló wà nínú àwọn méjèèjì, òun náà sì ni ásíìdì ń wá kiri.

Ṣúgà ńkọ́? Ṣúgà kì í ṣe ásíìdì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ló máa ń jẹ ẹ́, tí wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ibẹ̀ sì ni eyín ti ń ní ihò. Ásíìdì inú mínírà kò ní láti dúró de kòkòrò kankan. Bó ṣe kan eyín ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí mínírà tí kò ní ṣúgà kò fi gba enamel sílẹ̀. Wọ́n yọ ṣúgà kúrò lóòótọ́, àmọ́ phosphoric acid tàbí citric acid rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Yógọ́ọ̀tì wá yàtọ̀ o. pH rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 4, síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe enamel ní nǹkan. Calcium àti phosphate ti kún inú ẹ̀ dẹ́nu, kò sí ohun tó tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ eyín.

Itọ́ ló ń gbèjà wa, àmọ́ ó nílò àyè

Itọ́ ẹnu kì í ṣe omi lásán. Ó máa ń bomi la ásíìdì, ó máa ń pa agbára rẹ̀, ó sì ní calcium àti phosphate tó lè mú enamel tó rọ̀ le padà, bí kò bá tíì jẹ lọ. Iṣẹ́ yìí máa ń gba àkókò.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ra energy drink kan náà ní alẹ́ ìdánwò. Ẹnì kìíní mu tirẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ó tán láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹnì kejì gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó ń mu ún ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́jọ títí di aago méjìlá. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n mu. Àmọ́ bí itọ́ ẹnì kejì ṣe ń tún nǹkan ṣe ni ó tún ń da ásíìdì míì lé e. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni eyín rẹ̀ fi wà nínú ìyà. Iye ìgbà tí ásíìdì ń kan eyín, àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ló ṣe pàtàkì ju bá a ṣe mu tó lọ.

Ẹ má sáré fọ ẹnu

Ọ̀pọ̀ rò pé bí wọ́n bá ti mu ohun kíkan tán, kí wọ́n yáa fọ ẹnu ló dáa. Ó tì o. Ní àsìkò yẹn, ojú enamel ti rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò ra á, ẹ̀ ń há èyí tí itọ́ ì bá tún ṣe dànù ni. Ẹ fi omi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Wákàtí kan ló dáa jù.

Aláboyún tó ń bì láràárọ̀ àti ẹni tí omi kíkan máa ń ru wá sí ọ̀fun náà ní láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí pH ásíìdì inú ikùn lè wà láàárín 1 sí 2.

Àṣà ilé wa bá èyí mu. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ pé ká fọ ẹnu ká tó kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé omi ọsàn lẹ fẹ́ mu láàárọ̀, kẹ́ ẹ fọ ẹnu ṣáájú ló dáa jù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eyín funfun

Lóòótọ́, funfun niyì eyín. Àmọ́ enamel máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, dentine tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín ń mú enamel fẹ́lẹ́ sí i, bó bá sì ṣe ń fẹ́lẹ́ ni pípọ́n dentine á máa hàn síta. Eyín tó fẹ́ kó funfun ló ń sọ di pupa yẹn.

Kí wá ni ká ṣe?

- Ẹ mu mínírà tàbí zobo pẹ̀lú oúnjẹ, kó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pọ́n ọn lá.
- Ẹ lo sítírọ́ọ̀, kẹ́ ẹ má sì máa fi ohun kíkan ṣan ẹnu kẹ́ ẹ tó gbé e mì.
- Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Wàrà díẹ̀ náà dáa, torí calcium inú rẹ̀.
- Ẹ lo ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Ó máa ń jẹ́ kí enamel lè kojú ásíìdì dáadáa sí i.
- Ẹ má torí èyí sá fún èso. Ẹ jẹ àgbálùmọ̀ yín, àmọ́ ẹ má jẹ ẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Tí omi tútù bá ń ta yín léyín, tí ẹnu eyín iwájú bá ń dán gbinrin bíi dígí, tàbí tí eyín ń pọ́n bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó, ẹ lọ rí dókítà eyín. Enamel tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ a ṣì lè dáàbò bo èyí tó kù.